Kérékéré Orúnkún àti Ọ̀nà Tuntun Láti Tún Un Ṣe

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró níwájú alápatà nígbà tí ó ń la oríkèé ẹsẹ̀ màlúù yóò ti rí ohun kan tí ó funfun, tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀, tí ó bo orí eegun méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti pàdé. Ohun náà kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ọ̀rá, kì í sì í ṣe eegun gan-an. Òun ni a ń pè ní kérékéré. Irú rẹ̀ wà ní etí àti imú ènìyàn. Òun ni kì í jẹ́ kí etí ṣẹ́ bí a bá ká a. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lógún jù lọ ni ti oríkèé, pàápàá ti orúnkún.

Iṣẹ́ tí kérékéré orúnkún ń ṣe kò kéré. Kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí eegun itan àti eegun ojúgun máa ha ara wọn. Bí ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹrù tí ń bọ́ sórí orúnkún rẹ̀ kan lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀. Kérékéré a gba ẹrù yìí, a tẹ̀ díẹ̀, a sì tún padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbó tàbí tí ó bá ya, eegun a bẹ̀rẹ̀ sí í ha eegun, orúnkún a wú, ìrora a sì dé. Àgbẹ̀ tí kò lè lóṣòó mọ́ kò lè ro oko bí ó ti yẹ. Olùkọ́ tí kò lè dúró pẹ́ níwájú pátákó ti pàdánù ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ni àrùn oríkèé gbígbó ń bá jà ní ọdún 2019. Orúnkún ni ó sì ń dà láàmú jù lọ.

Ní ọdún 1743, William Hunter, oníṣègùn ará Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a mọ̀ sí Royal Society. Ohun tí ó sọ ni pé kérékéré tí ó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún méjì àti ọgọ́rin ọdún tí ó ti ṣe ìdájọ́ yìí, kò sì tíì sí ẹni tí ó yí i padà pátápátá. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ a lè yí i padà? Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ń wá lónìí wà nínú àwọn ohun tí ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn.

Ìdí tí kérékéré kì í fi í jinná

Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn ní ìka, ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó ń gbé oúnjẹ wá, òun náà ni ó sì ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tún ara ṣe wá. Kérékéré oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Omi tí ó wà nínú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, kérékéré a máa tẹ̀, a máa wú, gẹ́gẹ́ bí kànrìnkàn tí a ń fún tí a sì ń tú sílẹ̀, oúnjẹ a sì máa gba bẹ́ẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò tún ní iṣan ìmọ̀lára. Nítorí náà ni ìbàjẹ́ fi máa ń pẹ́ níbẹ̀ kí ẹni tí ó ni orúnkún tó mọ̀. Ìgbà tí ìrora bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ìbàjẹ́ náà ti lè kan eegun àti àwọn ẹran tí ó yí oríkèé ká.

Ìdí kejì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá pín kérékéré ènìyàn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣẹ̀dá rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ọ̀nà kan tàbí méjì lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú yàrá tirẹ̀, kò sì lè kúrò níbẹ̀ lọ ran ẹnìkejì rẹ̀ tí ó farapa lọ́wọ́.

Ohun tí ó kù yí wọn ká ni ó fún kérékéré ní agbára. Omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ó tó ìdá 65 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Èkejì ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí a ń pè ní kọ́lájẹ̀nì, tí wọ́n hun ara wọn bí àwọ̀n. Ẹ̀kẹta ni àwọn èròjà kan tí ń fa omi mọ́ra, tí wọ́n há sáàrin fọ́nrán wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ti rí àpò gaàrí tí a gbé òkúta lé yóò lóye ọ̀rọ̀ náà dáadáa: omi a máa jáde díẹ̀díẹ̀, àpò kò sì ní jẹ́ kí gaàrí tú dànù. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí a bá gbé òkúta kúrò lórí kérékéré, yóò tún fa omi rẹ̀ padà. Ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ tún kérékéré ṣe gbọ́dọ̀ dá padà nìyí: kì í ṣe ohun dídí ihò lásán, bí kò ṣe àwọ̀n, èròjà afàmi àti sẹ́ẹ̀lì tí yóò máa tọ́jú wọn.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ti ṣe

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù fún orúnkún tí ó ti gbó tán ni kí a gé orí eegun rẹ̀ kúrò, kí a sì fi irin àti ọ̀rá líle rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára fún àgbàlagbà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí 82 nínú ọgọ́rùn-ún orúnkún àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ ni ó ń lò tó ọdún 25. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó farapa lórí pápá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ pípẹ́ níwájú ju èyí lọ.

Láti àwọn ọdún 1980 ni Richard Steadman, oníṣègùn eegun ní Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀. Ó ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu àwọn ihò wẹ́wẹ́ sí orí eegun ní abẹ́ ibi tí kérékéré ti ya, kí ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun lè sun jáde wá dí ojú ọgbẹ́ náà. Ìrora máa ń dínkù. Àmọ́ ọgbẹ́ a jinná, àpá a kù: ohun tí ó máa ń hù níbẹ̀ jẹ́ kérékéré tí ó yi bí àpá, kò sì lè gba ẹrù bí ti àkọ́kọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ní ọdún 1987, ní ìlú Gothenburg ní orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í gé díẹ̀ lára kérékéré tí ó ṣì dára nínú orúnkún aláìsàn, wọ́n a mú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ pọ̀ sí i nínú ilé ìwádìí, wọ́n a sì dá a padà sí ojú ọgbẹ́. Àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1994 láti ọwọ́ Mats Brittberg, Lars Peterson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Aláìsàn 23 ni wọ́n ròyìn. Nínú 16 tí ọgbẹ́ wọn wà ní ìsàlẹ̀ eegun itan, 14 ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú 7 tí ọgbẹ́ wọn wà ní ẹ̀yìn ọmọ orúnkún, 2 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ ńlá ni, síbẹ̀ ìdènà kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Bí a bá da sẹ́ẹ̀lì kérékéré sínú àwo pẹlẹbẹ kí ó lè pọ̀ sí i, ìrísí rẹ̀ a yí padà. Nínú kérékéré, ó rí roboto. Nínú àwo, a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú kọ́lájẹ̀nì tí ó wà nínú àpá dípò ti kérékéré. Ní ọdún 1982, Benya àti Shaffer fi hàn pé, bí a bá tún kó irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ láti inú àwo sínú ohun dídì tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, níbi tí ohun náà yóò ti yí i ká ní gbogbo ọ̀nà, yóò tún rí roboto, yóò sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì rí: ilé tí ó bá bá ara rẹ̀ ni ó ń pinnu irú ọmọ tí yóò jẹ́.

Òpó tí sẹ́ẹ̀lì yóò gùn

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa wá ilé tí ó yẹ fún sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1993, Robert Langer àti Joseph Vacanti kọ ìwé kan tí ó sọ ìlànà iṣẹ́ náà di mímọ̀ káàkiri ayé: kí a ṣe òpó kan tí sẹ́ẹ̀lì yóò dìrọ̀ mọ́, kí sẹ́ẹ̀lì sì fi ara òpó náà kọ́ ẹran ara tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin iṣu mọ ọgbọ́n yìí. Ó ń ri igi mọ́ ẹ̀bá ebè kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún. Igi náà kọ́ ni iṣu, ṣùgbọ́n bí kò bá sí igi, ìtàkùn a fọ́n ká sílẹ̀. Nígbà tí iṣu bá fi ta tán, ó lè jẹ́ pé igi náà ti jẹrà. Òpó tí a ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ lè yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, bí kérékéré tuntun ti ń gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1997, Charles Vacanti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òpó kan ní ìrísí etí ọmọdé, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì kérékéré màlúù sí i, wọ́n sì fi í sí abẹ́ awọ ẹ̀yìn èkúté. Kérékéré hù ní ìrísí etí náà. Kì í ṣe etí tí ó lè gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òpó lè darí ìrísí ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò kọ́.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ìwọ̀n. Láti lóye rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń jẹ́ nánómítà. Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀nà kan nínú rẹ̀ ni nánómítà 1. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000 sí 100,000. Richard Feynman ni ó pe àkíyèsí àwọn onímọ̀ sí iṣẹ́ tí a lè ṣe ní ìwọ̀n tíntìntín báyìí, nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní California ní ọdún 1959. Norio Taniguchi, ará Japan, ni ó sì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a fi ń pè é, nanotechnology, ní ọdún 1974.

Àwọn fọ́nrán kọ́lájẹ̀nì inú kérékéré wà ní ìwọ̀n yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn tó nánómítà mélòó kan ní ọ̀nà mẹ́wàá-mẹ́wàá títí dé nǹkan bí igba. Sẹ́ẹ̀lì kan tóbi jù wọ́n lọ púpọ̀. Ó sì lè fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òpó àkọ́kọ́ tí a ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú wọn nípọn tó sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá bà lé irú òwú bẹ́ẹ̀ dà bí èèrà lára igi ìrókò: kò mọ̀ pé igi náà rí roboto; ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ó jọ lójú rẹ̀. Bí ó bá sì ti rò pé orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni òun wà, a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti inú àwo. Ìdí nìyí tí ohun èlò tí ó ní ìwọ̀n nánómítà fi ṣe pàtàkì. Kì í ṣe nítorí pé ohun kékeré ní agbára àràmàǹdà kan, bí kò ṣe pé ìwọ̀n yẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ilé rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe òwú tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ni kí a fi iná mànàmáná ran án. A ó yọ́ irú ọ̀rá kan tí ara lè gbà sínú oògùn, a ó máa fún un jáde díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu abẹ́rẹ́, agbára iná mànàmáná a sì fà á gùn bí okùn aláǹtakùn títí yóò fi gbẹ. Ní ọdún 2002, Wan-Ju Li, Rocky Tuan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ròyìn òpó tí wọ́n ṣe báyìí, tí òwú rẹ̀ nípọn tó nánómítà 500 sí 800. Ní ọdún 2005, wọ́n tún fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun, tí kò tíì yan iṣẹ́ tí yóò ṣe, lè di sẹ́ẹ̀lì kérékéré lórí irú òpó bẹ́ẹ̀, bí a bá fún un ní èròjà tí ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TGF-beta 1.

Òpó tí ó ń to ara rẹ̀, ońṣẹ́ tí ó ń wọlé

Samuel Stupp, ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń to ara wọn di fọ́nrán oníwọ̀n nánómítà. Wọ́n sì ṣe ojú fọ́nrán náà lọ́nà tí yóò fi lè di TGF-beta 1 mú, kí ońṣẹ́ yìí má baà ṣàn lọ kúrò ní ojú ọgbẹ́. Ní ọdún 2010, wọ́n ròyìn pé àwọn fi í sínú ọgbẹ́ orúnkún ehoro, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí eegun bí ti Steadman. Láàrin ọ̀sẹ̀ 12, kérékéré tí ó hù dára ju ti àwọn ehoro tí a kàn lu ihò fún lọ, kódà nígbà tí a kò fi TGF-beta 1 kún un láti ìta. Fọ́nrán náà ń lo èyí tí ara ehoro fúnra rẹ̀ ní.

Ṣùgbọ́n orúnkún ehoro kì í ṣe orúnkún ènìyàn. Kérékéré rẹ̀ kò nípọn tó mìlímítà 1, ó sì lè tún ara rẹ̀ ṣe díẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà ni ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2024 fi ṣe pàtàkì. Nínú èyí, Stupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa fọ́nrán náà pọ̀ mọ́ hyaluronic acid, ohun kan tí ó wà nínú oríkèé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í sí orúnkún àgùntàn, ẹranko tí ẹrù tí ń bọ́ sórí oríkèé rẹ̀ súnmọ́ ti ènìyàn. Láàrin oṣù mẹ́fà, kérékéré tuntun tí ó hù níbẹ̀ ní irú kọ́lájẹ̀nì àti èròjà afàmi tí kérékéré gidi ní, ó sì dára ju ti ibi tí a kò ti lo ohun èlò náà lọ.

Ìwúlò kejì tí ìwọ̀n nánómítà ní ni ti gbígbé oògùn wọlé. Oògùn tí a bá fi abẹ́rẹ́ fún sínú oríkèé kì í pẹ́ kí ó tó ṣàn lọ, kò sì rọrùn fún un láti wọ inú àwọ̀n kérékéré, nítorí pé ojú àwọ̀n náà há púpọ̀. Ní ọdún 2018, Brett Geiger, Paula Hammond àti Alan Grodzinsky, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé àwọn so èròjà IGF-1, tí ń mú sẹ́ẹ̀lì kérékéré ṣiṣẹ́, mọ́ ohun kan tí a ń pè ní dendrimer. Ohun yìí kò tó nánómítà 10, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ya ẹ̀ka bí ti igi. Iná rẹ̀ jẹ́ òdìkejì ti kérékéré. Nítorí náà kérékéré ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n kò dì í mú pinpin débi tí kò fi ní lè rìn wọlé. Láàrin ọjọ́ méjì, ó wọ kérékéré màlúù tí ó nípọn bí ti ènìyàn já. Nínú orúnkún eku, ó wà níbẹ̀ títí di ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì dín ìbàjẹ́ oríkèé tí ó farapa kù.

Ohun tí ó kù

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ti yí ìdájọ́ Hunter padà. Èkíní, kérékéré tuntun kì í rọrùn láti lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó tí ó yí i ká. Bí ààlà kan bá ṣẹ́ kù láàrin wọn, ibẹ̀ ni yóò ti tún ya. Èkejì, fọ́nrán inú kérékéré gidi ní ètò: ní òkè wọ́n dùbúlẹ̀, ní àárín wọ́n fẹ́ tẹ̀, ní ìsàlẹ̀ wọ́n nàró ṣánṣán. Òpó tí òwú rẹ̀ kò bá tẹ̀lé ètò yìí kò lè gba ẹrù bí ti àdánidá. Ẹ̀kẹta, ọgbẹ́ kékeré tí a dá sí orúnkún àgùntàn tí ara rẹ̀ le yàtọ̀ sí orúnkún àgbàlagbà tí ó ti ń wú láti ogún ọdún. Ẹ̀kẹrin ni ti ewu. Ohun tí ó kéré tó láti wọ ibi tí oògùn mìíràn kò lè wọ̀ lè wọ ibi tí a kò rán an pẹ̀lú. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé irú fọ́nrán carbon kan tí ó gùn, tí ó sì tín-ín-rín, lè ṣe inú èkúté ní irú ìpalára tí asbestos ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo ohun oníwọ̀n nánómítà ni ó rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí a ń lò fún òpó sẹ́ẹ̀lì sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí a dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀.

Ohun tí àwọn aláìsàn ń rí gbà ní ilé ìwòsàn ṣì súnmọ́ ti Gothenburg. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀nà kan tí a fi ń da sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ sórí awẹ́ kọ́lájẹ̀nì tí a mú láti ara ẹlẹ́dẹ̀, tí a sì ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ tí ó ní ààlà ni ọ̀nà yìí wà fún, kì í ṣe orúnkún tí ó ti gbó káàkiri.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìròyìn pé a ti rí ohun tí ń mú kérékéré hù, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ láti bi. Inú ẹranko wo ni a ti dán an wò, àbí inú àwo ni? Ìgbà wo ni a wò ó dé, ọ̀sẹ̀ mélòó tàbí ọdún mélòó? Irú kérékéré wo ni ó hù, ti gidi tàbí ti àpá? Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní ṣàìgbọ́ ìpolówó oríṣiríṣi, owó rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ewu bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a bi ìbéèrè wọ̀nyí. Títí di ìgbà tí ìdáhùn wọn yóò fi tẹ́ni lọ́rùn, kí ara má wúwo jù, kí ẹsẹ̀ sì máa rìn déédéé gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, ni ohun tí ń ran kérékéré tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń tọ̀ jìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹnu ọ̀nà: sẹ́ẹ̀lì kérékéré lè ṣiṣẹ́, bí a bá kọ́ ilé tí ó bá a mu fún un.